Ta ló ni sínágọ́gù: ìjọ ni tàbí ẹ̀ka ẹ̀sìn?

Arábìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ̀wé sí mi. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí í ṣe Júù, pè é síbi ayẹyẹ bat mitzvah ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyẹn ayẹyẹ tí ọmọbìnrin Júù fi ń di ẹni tí òfin ẹ̀sìn kàn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Nígbà tí ó wo ìwé ìpè náà dáadáa, ó rí i pé abẹ́ United Synagogue ni sínágọ́gù náà wà. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń gbé ní New Jersey, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sọ fún un pé Conservative, ẹ̀ka tí ó gba ìyípadà díẹ̀, ni àwọn tí ń jẹ́ orúkọ yẹn, pé tọkùnrin tobìnrin a máa jókòó pọ̀ níbẹ̀, obìnrin a sì máa ka Tórà, ìwé Òfin Mósè. Ẹlòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù ní rárá o, Orthodox ni wọ́n, ẹ̀ka tí ó di ìlànà àtijọ́ mú, àárín àwọn obìnrin ni yóò jókòó sí. Ìbéèrè rẹ̀ wá ni pé: ṣé ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ́ sínágọ́gù tirẹ̀ káàkiri, bí àwọn ìjọ wa ti ń dá ẹ̀ka sílẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, àbí sínágọ́gù ni ó ń yan ẹ̀ka tí yóò bá rìn?

Arábìnrin wa, àwọn méjèèjì tí ẹ bi ni wọ́n sọ òótọ́. Àjọ méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó ń jẹ́ orúkọ tí ó fara jọra ní apá méjèèjì òkun, èmi yóò sì ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ dáhùn gbòǹgbò ìbéèrè yín: ní ọ̀pọ̀ ibi, sínágọ́gù ni ó ṣáájú, ẹ̀ka ni ó tẹ̀lé e. Ìjọ ni ó ni ilé, ìjọ ni ó ń gba rábì síṣẹ́ tí ó sì ń san owó oṣù rẹ̀, ìjọ kan náà ni ó sì ń pinnu bóyá òun yóò wọ inú àjọ kan tàbí òun yóò dá dúró.

Ẹni tí ó bá dàgbà sínú Ìjọ Áńgílíkà tàbí Ìjọ Àgùdà ni ọ̀rọ̀ yìí lè kọ́kọ́ rú lójú, nítorí pé bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń gbé àlùfáà kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, ilé ìjọsìn náà kì í sì í ṣe ti àwọn tí ń jọ́sìn nínú rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó mọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi dáadáa ni yóò tètè yé, torí ó mọ̀ pé ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pe pásítọ̀ tirẹ̀, tí ó ń pe ìpàdé láti dìbò lórí owó àti ilé, tí ó sì jẹ́ pé ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó fi wà pẹ̀lú àwọn ìjọ yòókù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ jù lọ sínágọ́gù ní Amẹ́ríkà rí.

Kí ni ó ń sọ ibì kan di sínágọ́gù? Kì í ṣe ilé. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a yá lò nínú Bíbélì wa, ìpéjọpọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Beit knesset tí àwọn Júù ń pè é ní èdè Hébérù, ilé ìpéjọ ni. Nígbà tí Jésù dìde láti kàwé ní Násárétì, Tẹ́ḿpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn àlùfáà ti ń rúbọ. Sínágọ́gù jẹ́ ibi tí àwọn ará ìlú ti ń pàdé láti ka Òfin. Ní ọdún 70 ni àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì náà, ẹbọ sì dópin. Àdúrà àti ìwé kíkà ni ó kù, wọn kò sì nílò àlùfáà kankan kí wọ́n tó lè ṣe é. Títí di òní, rábì kì í ṣe ẹni tí ìsìn kò lè ṣe kí ó má wà níbẹ̀. Olùkọ́ ni, ẹni tí ó mọ òfin ni. Bí ó bá lọ sí ìrìn àjò, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àdúrà náà lè dìde ṣíwájú.

Ohun tí wọ́n nílò ni ènìyàn mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè ní minyan. Ẹ bá mi wo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú sínágọ́gù kékeré kan. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ti dé, wọ́n ti gbé ìwé àdúrà lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n lè dá gbàdúrà, olúkúlùkù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ náà kò lè ka Kaddish, ìyẹn àdúrà tí ọmọ olóòkú máa ń kà, àfi tí ẹni kẹwàá bá dé. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo òpópónà. Òmíràn ń tẹ àwọn aládùúgbò láago. Bí ẹni kẹwàá bá ti wọlé, kódà kí ó jẹ́ àlejò tí ó ń kọjá lọ, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wàyí o, bí ẹni tí ó wọlé bá jẹ́ obìnrin ńkọ́? Ní sínágọ́gù Orthodox, wọn yóò kí i káàbọ̀, wọn yóò sì máa dúró de ẹni kẹwàá lọ. Ní sínágọ́gù Reform, ẹ̀ka tí ó yí ìlànà àtijọ́ padà jù, ó ti pé. Ní ti Conservative, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí òfin wọn fọwọ́ sí i ní 1973 pé a lè ka obìnrin mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ kí rábì ìjọ kọ̀ọ̀kan pinnu. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn, láti orí ẹni kẹwàá yẹn, ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń di ohun tí ojú rí.

Àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí kò sì pẹ́ láyé bí sínágọ́gù ti pẹ́. Jámánì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Reform. Ní 1810, Israel Jacobson ṣí ilé àdúrà kan sí ìlú Seesen, ó fi dùùrù ńlá sí i, ó fi èdè Jámánì kún àdúrà, ó sì ń wàásù. Àwọn ará Hamburg ṣe irú rẹ̀ ní 1818. Àwọn tí wọ́n tako o ni wọ́n wá di ẹni tí à ń pè ní Orthodox. Kí ìyípadà yìí tó dé, kò sí ẹni tí ó nílò orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí Júù lásán ni gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí bí sínágọ́gù kan ṣe ń di ti ẹ̀ka, ìlú Charleston ní South Carolina ni kí ẹ wò. Ìjọ kan wà níbẹ̀ láti 1749, Kahal Kadosh Beth Elohim. Ní 1824, àwọn ọmọ ìjọ kan, tí Isaac Harby wà lára wọn, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gé ìsìn kúrú díẹ̀, kí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un, kí ìwàásù sì máa wà. Ìgbìmọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní 1838, iná jó sínágọ́gù náà. Bí wọ́n ti ń kọ́ òmíràn ni àwọn kan bá ní kí wọ́n gbé dùùrù ńlá sí i. Lójú ẹni tí wọ́n ti ń tẹ dùùrù fún láti kékeré ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò tó ìjà. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kò fàyè gba kí Júù máa lo ohun èlò orin ní Sábáàtì, àìlò rẹ̀ nínú ìsìn sì tún jẹ́ ọ̀nà láti ṣọ̀fọ̀ Tẹ́ḿpìlì tí ó wó, níbi tí àwọn ọmọ Léfì ti ń kọrin pẹ̀lú ohun èlò. Gustavus Poznanski, ẹni tí ó ń ṣíwájú àdúrà wọn, fara mọ́ dùùrù. Ìjọ dìbò: ènìyàn 46 ní kí ó wà, 40 ní kí ó má wà. Àwọn tí ìbò kò gbè jáde, wọ́n dá ìjọ Shearit Israel sílẹ̀ nínú ìlú kan náà, ọ̀rọ̀ ilé àti àkóso ìjọ sì di ti ilé ẹjọ́. Ní 1844, àwọn adájọ́ South Carolina sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn láti pinnu èyí tí ó tọ́ nínú ìlànà ìsìn, ilé sì kù sọ́wọ́ àwọn oní-dùùrù.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sọ ìjọ méjèèjì di aláìní, wọ́n sì tún padà di ọ̀kan ní 1866. Ẹ kíyè sí ọdún wọ̀nyí o. Ọdún 1873 ni Isaac Mayer Wise tó dá àjọ àwọn ìjọ Reform sílẹ̀ ní Cincinnati, Beth Elohim sì wà lára àwọn tí ó tètè wọ inú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí dùùrù ti ń dún níbẹ̀ kí àjọ tó wà. Kò sí ẹni tí ó ti ibì kan rán Reform wá sí Charleston. Àwọn ará ìjọ ni wọ́n fẹnu ara wọn jà á, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dì í.

Àwọn àjọ yòókù ní Amẹ́ríkà náà, àkójọpọ̀ ìjọ ni wọ́n. Ti Orthodox dìde ní 1898, ti Conservative ní 1913 lábẹ́ Solomon Schechter, tí ó pè é ní United Synagogue of America. Ẹ̀ka Reconstructionist ti Rábì Mordecai Kaplan bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjọ kan ṣoṣo tí ó dá sílẹ̀ ní New York ní 1922. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Judith, dìde níwájú ìjọ láti ka Tórà, a sì máa ń kà á sí bat mitzvah àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà; nítorí náà, ayẹyẹ tí wọ́n pè yín sí fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyípadà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Orthodox náà ti wá ń ṣe é lọ́nà tiwọn.

Ìjọ kan sì wà tí ó dàgbà ju gbogbo àjọ wọ̀nyí lọ, Shearith Israel ti New York. Àwọn Júù tí wọ́n sá kúrò ní Recife ní Bràsíl, nígbà tí àwọn Potogí gba ìlú náà padà lọ́wọ́ àwọn ará Họ́lándì ní 1654, wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olùdarí rẹ̀, Henry Pereira Mendes, wà lára àwọn tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Jewish Theological Seminary sílẹ̀ ní 1886, tí ó wá di ilé ẹ̀kọ́ àwọn Conservative. Òun kan náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún àjọ Orthodox ní 1898. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni o, kò sì yí ìgbàgbọ́ padà. Ààlà tí à ń rí lónìí ni kò tíì gbẹ nígbà náà.

Kí ni ìjọ wá ń rí gbà nínú àjọ tí ó bá wọ̀? Ó ń san owó ọdọọdún, ó sì ń rí ìwé àdúrà, ètò àwọn ọ̀dọ́, ìlànà ẹ̀kọ́ ọmọdé, àti ọ̀nà láti wá rábì tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá fẹ̀yìn tì. Àjọ lè yọ ìjọ kúrò, ìjọ náà lè jáde. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí ní ààlà, ilé ẹjọ́ mìíràn ni ó sì fi ààlà ọ̀hún hàn. Ní Mount Clemens, Michigan, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ìjọ Orthodox kan tí ń jẹ́ Beth Tefilas Moses dìbò pé kí tọkùnrin tobìnrin máa jókòó pọ̀. Baruch Litvin, ọ̀kan nínú àwọn tí kò fara mọ́ ọn, pe ìjọ náà lẹ́jọ́. Ní 1959, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìpínlẹ̀ náà dá a láre: wọ́n ní ilé tí a yà sọ́tọ̀ fún ìsìn Orthodox, àwọn tí ó pọ̀ jù kò lè fi ìbò gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣì di ìlànà náà mú. Ẹ fi í wé ti Charleston. Ohun kan náà ni wọ́n jà sí, ilé, ìdájọ́ sì yàtọ̀ pátápátá. Lójú tèmi, ti Michigan ni ó ṣòro jù, nítorí ó sọ ìgbàgbọ́ àwọn tí ó kọ́ ilé di ohun tí ọmọ wọn kò lè fọwọ́ kàn.

Mo wá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ibẹ̀ ni àpèjúwe Onítẹ̀bọmi mi kò ti bá a mu mọ́. Ní 1870, sínágọ́gù márùn-ún pa pọ̀ nípa òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti di United Synagogue. Ìsopọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ lásán: owó, ilé àti ìtẹ́ òkú di ti àpapọ̀, Olórí Rábì kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Orthodox ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Schechter, tí ó ti gbé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1902, mú orúkọ tí ó fara jọ ọ́ fún àjọ tirẹ̀, àjọ yẹn sì wá ń rìn lọ́nà mìíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ti wá. Ẹni tí ó ń jẹ́ Conservative ní New Jersey, Masorti ni irú rẹ̀ ń jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí Masorti ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà sì fi hàn bí agbára United Synagogue ti tó. Louis Jacobs jẹ́ rábì ní New West End Synagogue, ó sì kọ̀wé pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú bí Tórà ṣe di kíkọ. Ní 1964, nígbà tí ìjọ náà fẹ́ kí ó padà wá ṣe rábì wọn, Olórí Rábì Israel Brodie kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ìjọ ní Jacobs ni àwọn fẹ́. United Synagogue sì yọ ìgbìmọ̀ ìjọ náà kúrò. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, tàbí ní Charleston, irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé Jacobs kò rí ilé wọn mú lọ, nítorí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n dá New London Synagogue sílẹ̀, ilé tí wọ́n sì wá ń lò ní Abbey Road jẹ́ sínágọ́gù United Synagogue tẹ́lẹ̀ rí. Ògiri kan náà, àpótí mímọ́ kan náà níwájú, ẹ̀ka mìíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo ilé láti mọ ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá wọ sínágọ́gù Dohány ní Budapest, tí wọ́n ṣí ní 1859, yóò rí dùùrù ńlá bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì rí òkè méjì tí wọ́n kọ́ fún àwọn obìnrin. Neolog ni wọ́n ń pe ẹ̀ka yẹn, kò sì bá Reform tàbí Orthodox dọ́gba.

Lẹ́yìn odi United Synagogue, àwọn ìjọ Reform ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1840, nígbà tí West London Synagogue bẹ̀rẹ̀. Bevis Marks, tí wọ́n ti ń lò láti 1701, jẹ́ ti àwọn Júù tí orírun wọn jẹ́ Spéènì àti Potogí, Orthodox ni, ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ United Synagogue. Chabad, ẹgbẹ́ Júù Orthodox kan, sì yàtọ̀ sí gbogbo wọn: Brooklyn ní New York ni wọ́n ti ń rán tọkọtaya kan lọ sí ìlú tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wá síbẹ̀ ni kì í pa òfin mọ́ nílé. Ti Chabad yìí nìkan ni ó jọ bí àwọn ìjọ wa ṣe ń rán òjíṣẹ́ jáde láti olú ìjọ.

Ní ti àwọn Júù Mòrókò, Yẹ́mẹ̀nì tàbí Ìráàkì, ẹ̀ka wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Sínágọ́gù wọn ní Ísírẹ́lì ń jẹ́ ti ibi tí àwọn baba wọn ti wá, pẹ̀lú ohùn àdúrà ibẹ̀. Ẹni tí ó wọ mọ́tò wá àti ẹni tí kò jẹ́ wọ̀ ọ́ ní Sábáàtì lè jókòó sórí àga kan náà. Ní ilẹ̀ wa Áfíríkà, àwọn Abayudaya, ìyẹn àwọn Júù Ùgáńdà, bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn ní 1919 lábẹ́ Semei Kakungulu, láìsí ẹ̀ka kankan tí ó rán wọn. Ní 2002, àwọn rábì Conservative gba ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé ní ìlànà, àwọn ará Putti, abúlé wọn kan, sì yan ọ̀nà Orthodox. Ní Àbújá, àwọn Igbo tí ń ṣe ẹ̀sìn Júù ní sínágọ́gù Gihon, ìjọ tí àwọn fúnra wọn gbé ró ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì ka ìjọ Kristẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ sínágọ́gù sínú orúkọ rẹ̀ ní Èkó mọ́ èyí. Ìjọ Kristẹni ni.

Ó ku ayẹyẹ tí wọ́n pè yín sí. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ United Synagogue ti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ẹ ó jókòó sí, yálà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tàbí pákó tí ó pín ilé. Ọmọ náà kò ní dìde ka ìwé kíká Tórà láàárín ìjọ tọkùnrin tobìnrin, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti múra sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ fetí sí i dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ oṣù ni irú wọn fi ń kọ́ ọ. Wọn yóò bi yín léèrè ní ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó pè yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dùn yín, ààbò ni. Ẹ pa fóònù yín kí ẹ tó wọlé, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má mú bírò jáde. Aṣọ tí ó bo apá àti orúnkún ni ó yẹ, gèlè yín yóò sì bá ibẹ̀ mu gan-an, níwọ̀n bí àwọn obìnrin tí ó ti lọ́kọ níbẹ̀ náà ti ń bo orí. Ẹ ṣáà má wé e ga jù, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn yín lè rí ọmọ náà. Ẹ má gbé ẹ̀bùn lọ síbẹ̀ ní Sábáàtì. Ẹ fi í fún ìyá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.